Sọ́rì Kò Jọ Sọ́rì

Àbúrò mi, jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́ kí n tó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí England. Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ òtútù. Wọ́n ní kí n di gààrí, èlùbọ́ àti ata gbígbẹ. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ mi gba iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan tí mo ti ń pè láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mo mọ̀ bí ẹní mowó, òun ló kọ́kọ́ kó mi sí ìjàngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà ni "sorry", èyí tí àwa ń pè ní sọ́rì.

Oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, obìnrin òyìnbó kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ìka há ẹnu ilẹ̀kùn. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ́hùn-ún. Bó ṣe lọgun, mo ju aṣọ ọwọ́ mi sílẹ̀, mo sáré lọ bá a: "Sorry, sorry, sorry o!" Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀, ó wá wò mí tìyanutìyanu. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Mo tún ní "sorry". Ó tún ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi! Ta ló sọ pé ẹ̀bi mi ni? Pẹ̀lẹ́ ni mò ń kí i. Ẹ̀bẹ̀ lòun ń gbọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì ló wá dùn mí wọ eegun. Bàbá ẹni ọdún 89 kan yọ̀ ṣubú nínú yàrá rẹ̀ lóru. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì ń sọ "sorry, Papa, sorry" títí ọkọ̀ áńbúláǹsì fi dé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì. Ẹnìkan ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun gbọ́ tí mò ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá náà. Kí ni mo ṣe fún un? Ṣé mo gbàgbé láti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wálẹ̀ ni? Ṣé mo fi í sílẹ̀ lórí ìdúró ni? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ṣàlàyé. Nígbẹ̀yìn, wọ́n rí i pé ọwọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, mi ò fojú ba oorun, mò ń ro ti ìwé ìgbélùú mi, mò ń ro ti àwọn ọmọ tí mo fi sílẹ̀ ní Òṣogbo.

Ìdí tí mo fi ní kó o jókòó tì mí nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó o mọ̀ ni pé má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé Gẹ̀ẹ́sì aláìmọ̀wé ni sọ́rì tiwa. Mo tú ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ní England kí àwọn ará Normandy tó wá ṣẹ́gun wọn ní 1066, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ́ sārig. Inú sār ló ti jáde, sār sì ni ìrora, egbò, ohun tó ń ta ni lára. Òun náà ló bí "sore" tí wọ́n ń pe ojú egbò títí dòní. Ẹni tó bá jẹ́ sārig láyé ìgbà yẹn, ẹni tí nǹkan ń dùn ni. Ẹ̀bi kò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé "sorrow" ni ìyá rẹ̀, torí pé ìró wọn jọra, ìtumọ̀ wọn sì wọnú ara, àmọ́ agbo ilé ọ̀tọ̀ ni sorrow ti wá. Ìrora ni gbòǹgbò sorry. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀bẹ̀ wá gùn ún lórí. Nítorí náà, tó o bá rí ọmọ tó fẹsẹ̀ kọ, tó o ní "sọ́rì o", gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà gan-an lo dì mú. Àwọn tó ni èdè ló rìn jìnnà sí i.

Ibo làwa ti rí i kọ́? Èdè wa ni. Wo bí pẹ̀lẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu wa. O kọjá níwájú ìyá tó ń ta ẹ̀wà, o ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà", ìkíni ni. O rí ẹni tó ru ẹrù wúwo, o ní "pẹ̀lẹ́", o ń bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà nìyẹn. Ọmọ ń sunkún, o gbá a mọ́ra, o ní "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́". O ní kí ẹnìkan rìn pẹ̀lẹ́, o ń kìlọ̀ fún un kó má baà ṣubú. Nínú gbogbo rẹ̀, kò síbi tó o ti jẹ̀bi. Ìwọ kọ́ lo dá ẹrù náà, ìwọ kọ́ lo na ọmọ náà. Níbi tiwa, ẹni tó rí ìyà ọmọnìkejì rẹ̀ tó dákẹ́ ló ní ẹjọ́ láti rò. Ẹlòmíì tiẹ̀ máa bínú: "Mo fẹsẹ̀ kọ níwájú rẹ̀, kò lè kí mi ní pẹ̀lẹ́!" Nígbà tí ilé ìwé wá gbé Gẹ̀ẹ́sì lé wa lọ́wọ́, a wá ohun tá a máa fi rọ́pò pẹ̀lẹ́, a ò rí. Sorry ló sún mọ́ ọn jù, la bá fi pẹ̀lẹ́ wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù. Àwa nìkan kọ́. Ọmọ Igbo ní "ndo", Hausa ní "sannu", àwọn ará Ghana náà ní tiwọn, gbogbo wa pátá la sì gba ẹnu ọ̀nà sorry kan náà wọlé.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ Australia pàápàá ṣe irú ẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tiwọn, "sorry business" ni wọ́n ń pe gbogbo ètò òkú: ìsìnkú, ọ̀fọ̀ ṣíṣe, àkókò tí ẹbí máa ń kóra jọ láti sunkún. Kò sẹ́ni tó ń bẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, ara mi yá gágá. Àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun ayé lọ́hùn-ún gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí bí èmi ṣe gbọ́ ọ.

Ilẹ̀ Australia yẹn kan náà ni mo ti wá lóye bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lágbára tó nígbà tó bá di ti ẹ̀bi. Láti nǹkan bí 1910 títí di 1970, ìjọba wọn ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, wọ́n ń kó wọn lọ sí ilé ọmọ òrukàn àti ọ̀dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun. Ní 1997, ìwé ìwádìí kan jáde tó sọ gbogbo bọ́rọ̀ ṣe rí, tó sì ní kí ìjọba tọrọ àforíjì. John Howard, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, kọ̀ jálẹ̀. Ní 1999, ó gbé àbá wá sí ilé ìgbìmọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ dun àwọn gidigidi, àmọ́ sorry kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Lóṣù karùn-ún ọdún 2000, èrò rẹpẹtẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí afárá ńlá Sydney, ọkọ̀ òfurufú kan sì fi èéfín kọ "Sorry" sójú ọ̀run lókè orí wọn. Ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2008 ni Kevin Rudd, ẹni tó gorí àlééfà lẹ́yìn Howard, tó dìde ní ilé ìgbìmọ̀, tó sì sọ ọ́. Àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n jí gbé ní kékeré jókòó níbẹ̀, wọ́n ń sunkún. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ lásán ni, rántí àwọn ìyá yẹn.

Kí n fi ọ̀kan sí i, torí pé òun ló fi hàn mí pé èmi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dá láàmú. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2001, ọkọ̀ òfurufú tí Amẹ́ríkà fi ń ṣe amí forí gbárí pẹ̀lú ọkọ̀ òfurufú ogun ilẹ̀ China nítòsí erékùṣù Hainan. Awakọ̀ ará China náà kú. Ti Amẹ́ríkà balẹ̀ tipátipá sí Hainan, China sì dá àwọn 24 tó wà nínú rẹ̀ dúró, ó ní àfi kí Amẹ́ríkà tọrọ àforíjì. Amẹ́ríkà ní òun ò jẹ̀bi. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Wọ́n sọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé "very sorry": lẹ́ẹ̀kan nítorí awakọ̀ tó kú, lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ọkọ̀ wọn wọ òfurufú China tó sì balẹ̀ láìgba àṣẹ. Amẹ́ríkà sọ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ pé ìbánikẹ́dùn lásán ni, pé àwọn ò bẹ ẹnikẹ́ni. China sọ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ pé Amẹ́ríkà ti bẹ̀bẹ̀. Wọ́n tú àwọn 24 sílẹ̀, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Òye méjì tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ló gbà wọ́n, òye méjì náà ló sì gbé mi lọ sí ọ́fíìsì.

Ó dáa, kí lo máa wá ṣe? Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ rèé, má gbàgbé rẹ̀: má ṣe fi sorry sílẹ̀ láìní ìrù. Sorry tó bá dá dúró lásán, ẹ̀bi ni òyìnbó máa gbọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ tó o bá so ìrù mọ́ ọn, ọ̀nà rẹ̀ á mọ́ gbangba. "I'm sorry to hear that", ó dùn mí láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. "I'm sorry for your loss", mo bá ọ kẹ́dùn ẹni rẹ tó lọ. "I'm sorry you're in pain", ìrora rẹ ń dùn mí. Kò sí òyìnbó tó máa gbọ́ ọ̀kan nínú wọn tó máa ní o jẹ̀bi. Tó bá sì jẹ́ pé ìka ló há ilẹ̀kùn, tí kò sí àyè fún gbólóhùn gígùn, béèrè ara rẹ̀ ní kíá: "Are you all right?" Ohun tí wọ́n ń fi ṣe pẹ̀lẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn nìyẹn. Ó pẹ́ kó tó mọ́ mi lẹ́nu. Lójú mi, bíbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ pé ṣé dáadáa ló wà dà bí ìwà ọ̀dájú. Kì í ṣe ọ̀dájú. Bí tiwọn ṣe rí ni.

Bó o ṣe ń fetí sí ohùn nílé, fetí sí i lọ́hùn-ún. Àwa tá a ní èdè olóhùn ló yẹ kó tètè gbọ́ eléyìí. Tí ohùn bá gòkè níparí, "Sorry?", ìbéèrè ni: kí lo wí, mi ò gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí báńkì, akọ̀wé ibẹ̀ ń sọ "Sorry?" fún un, òun náà ń dáhùn pé kò sí wàhálà, títí ọmọbìnrin náà fi lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi rò pé wọ́n ń bẹ òun ni. Wọ́n ní kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ni.

Èyí tó wà nínú ìlà, ìyẹn ló gba ọgbọ́n. Tí òyìnbó bá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ, tó ní "Sorry, are you in the queue?", kò bẹ̀ ọ́, kò sì fẹ́ mọ ibi tó o wà. O ti gba iwájú rẹ̀ ni, ó ní kó o padà sẹ́yìn. "Sorry, I think that's my seat" túmọ̀ sí pé dìde. "Sorry, but" ní àárín ìpàdé túmọ̀ sí pé ọ̀kọ̀ ń bọ̀, gbé asà rẹ. Bí àwa náà ṣe máa ń ní "Ẹ má bínú o" ká tó sọ òkò ọ̀rọ̀ ni. Tí wọ́n bá ní nǹkan wà ní "sorry state", ó ti bàjẹ́ kọjá sísọ. Tí ẹnìkan bá ní "you'll be sorry", ó ní wàá kàbámọ̀, ìhàlẹ̀ ni, kúrò níbẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin nìkan ni sorry wọn ti rọrùn bí omi. Obìnrin kan tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn, Kate Fox, tó kọ ìwé Watching the English ní 2004, mọ̀ọ́mọ̀ ń kọlu àwọn èèyàn níbi tí èrò pọ̀ sí láti wo ohun tí wọ́n máa ṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn ará England ló ní "sorry" fún òun tó kọlù wọ́n. Nítorí náà, tẹ́nìkan bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì ní "sorry" lẹ́ẹ̀kan náà, ìkíni lásán ni. Máa bá tìẹ lọ.

Wàyí o, ti ibi iṣẹ́. Ibí ni mo fẹ́ kó o ti ṣọ́ra jù, ibẹ̀ náà ni mi ò sì ti fẹ́ kó o bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàbá yẹn, ọdún kan ni ẹnu mi fi wúwo. Tí arúgbó bá ń kérora, mi ò ní sọ nǹkan kan, màá kàn máa ṣe iṣẹ́ mi. Mo di ẹni tí ìyá mi ò lè mọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé òfin tiẹ̀ wà lẹ́yìn mi. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2006 fún England àti Wales, Compensation Act, sọ nínú abala rẹ̀ kejì pé àforíjì nìkan kò tó láti fi sọ pé ẹnìkan gbà pé òun ṣe àìbìkítà. Scotland ṣe tirẹ̀ ní 2016. Massachusetts ní Amẹ́ríkà ti ṣe irú rẹ̀ láti 1986. Èyí tó wá kan àwa tá à ń tọ́jú èèyàn jù lọ ni òfin tó di dandan fún àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní England láti oṣù kọkànlá ọdún 2014, tó sì kan àwọn ilé ìtọ́jú tó kù láti oṣù kẹrin ọdún 2015. Òfin náà ní tí ìtọ́jú bá ṣèèṣì pa ẹnìkan lára lọ́nà tó le, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún un tàbí fún ẹbí rẹ̀, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì. Àbúrò mi, ǹjẹ́ o mọ ohun tí òfin náà pe àforíjì? Ó ní òun ni kéèyàn sọ pé nǹkan náà ba òun nínú jẹ́ tàbí pé ó dun òun. Àwọn tó kọ òfin rìn yíká títí, wọ́n padà sí ìdí sārig, wọ́n padà sí pẹ̀lẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí aláìsàn bá ṣubú lójú rẹ, kúnlẹ̀ tì í bí mo ṣe kúnlẹ̀. Di ọwọ́ rẹ̀ mú. Sọ pé "I'm sorry you're hurting, help is coming". Lẹ́yìn náà, tó o bá ń kọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, kọ ohun tó o rí àti aago tó o rí i, kó o sì kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹlòmíì tó bá ọ kọ ọ́. Ìyẹn ni mi ò ṣe. Ká ní mo ti kọ tèmi lóru yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnì kejì kọ́ ni wọn ì bá fi pè mí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó jẹ́ ti àwa obìnrin. Ní 2010, Karina Schumann àti Michael Ross ní Yunifásítì Waterloo ní Canada tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí tọkùnrin tobìnrin máa kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ ìgbà tí wọ́n ṣẹ ẹlòmíì àti ìgbà tí wọ́n bẹ̀bẹ̀. Àwọn obìnrin bẹ̀bẹ̀ jù. Àmọ́ kì í ṣe pé àwọn ọkùnrin mọ̀ pé àwọn ṣẹ̀ tí wọ́n wá kọ̀ láti bẹ̀bẹ̀. Nínú ohun tí kálukú wọn gbà pé òun ṣe, ìpín kan náà ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ohun tí obìnrin rí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀, ọkùnrin ò tiẹ̀ kà á sí. Mo ronú lórí èyí gan-an. Mo ṣí àwọn lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi lórí kọ̀ǹpútà, mo sì rí i pé sorry ló bẹ̀rẹ̀ púpọ̀ nínú wọn: sorry pé mò ń béèrè ìsinmi tó tọ́ sí mi, sorry pé owó oṣù mi ò pé. Owó tèmi ni o! Láti ọjọ́ náà, "thank you" ni mò ń fi bẹ̀rẹ̀. Dípò kí n ní "sorry tí mo pẹ́ kí n tó dáhùn", mo ń ní "ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dúró dè mí". Gbìyànjú rẹ̀ fún oṣù kan. Wàá rí i bí ẹ̀yìn rẹ ṣe máa nà.

Èyí kò ní kó o má bẹ̀bẹ̀ nígbà tó o bá jẹ̀bi o. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Tó o bá ṣẹ̀, dárúkọ ohun tó o ṣe. "Sorry, mo gbàgbé láti fún un lóògùn aago méjì" ju igba sorry lásán lọ. Bákan náà, má gba sorry tí kò lórúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. "I'm sorry you feel that way" ni èyí tí mo kórìíra jù, torí pé ó dà bí ẹ̀bẹ̀, ẹ̀bi ló sì ń dá padà sí ọ lọ́rùn: ìwọ lo ń bínú, èmi ò ṣe nǹkan kan. Ọkọ á sọ ọ́, ọ̀gá á sọ ọ́. Tí wọ́n bá sọ ọ́, fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Kí lo ń bẹ̀ mí fún gan-an?" Tí kò bá rí nǹkan dárúkọ, o ti gbọ́ ìdáhùn rẹ.

Nílé ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń ká mi lára jù báyìí. Sọ́rì ti fẹ́ jẹ gbogbo ọ̀rọ̀ wa run. Ọmọ da omi sí ìyá àgbà lára, ó ní "sọ́rì", ó ń sá lọ. Sọ́rì kì í kúnlẹ̀, kì í dọ̀bálẹ̀, kò ní "mà", kò ní "sà". Ìyàwó ilé ṣẹ ìyá ọkọ rẹ̀, ó fi "sọ́rì mà" ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó wá yà á lẹ́nu pé ìyá ò gbé e. "Ẹ má bínú, mà, ẹ forí jì mí" ni ìyá ń retí, kó sì jẹ́ pé ẹnu ìyàwó náà fúnra rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Níbi ọ̀fọ̀, mo gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan ń sọ "sọ́rì" fún ẹni tí bàbá rẹ̀ kú. Ibo ni "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" wà? Ibo ni "Ẹ kú ìrọ́jú"? Àwa la ní ọ̀rọ̀ fún ìrora kọ̀ọ̀kan: pẹ̀lẹ́ fún ẹni tó fara pa, má bínú fún ẹni tá a ṣẹ̀, jọ̀wọ́ fún ẹni tá a fẹ́ kọjá níwájú rẹ̀, ẹ kú ọ̀fọ̀ fún ẹni tí ìbànújẹ́ bá. Òyìnbó ló fi ọ̀rọ̀ kan ṣe gbogbo rẹ̀. Kọ́ ti wọn dáadáa, kó o lè jẹun níbẹ̀. Àmọ́ má fi pààrọ̀ tiwa.

Àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Èyí àbíkẹ́yìn gbọ́ tí mo fi orókún gbá ẹsẹ̀ tábìlì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ń pariwo láti yàrá rẹ̀ pé, "It's not my fault!" Mo pè é. Mo ní kò sẹ́ni tó ní ẹ̀bi rẹ̀ ni, kó sáà wá kí mi. Ó wá, ó fọwọ́ kan orókún mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ìwọ náà, tó o bá dé ọ̀hún, tí ìyá wa pè ọ́ lórí fóònù tí wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, jọ̀wọ́, má sọ "sọ́rì" fún wọn. Sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi", kó o sì dúró gbọ́ ibi tó ń dùn wọ́n kó o tó gbé fóònù sílẹ̀.